Ilẹ̀ kíṣìnnì tó ní páìpù omi gbígbóná: ṣé kí n tan hítà sí i kí screed lè tètè gbẹ?

Ìyá Ìbejì (Kent)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kọkànlá, tó dé.

A fa ẹ̀yìn ilé wa gùn láti fi ṣe kíṣìnnì tuntun, mítà 6 sí mítà 4. Púlọ́ńbà ti to páìpù sílẹ̀ lánàá. Ó tẹ́ fóòmù líle tó nípọn tó mìlímítà 100, ó tẹ́ ọ̀rá lé e, ó wá kan páìpù mọ́ ọn ní ọ̀nà méjì, ìkọ̀ọ̀kan tó bíi mítà 80. Ó gún régé bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Àwọn tó máa da screed lé páìpù lórí ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun: yanrìn àti símẹ́ǹtì, mìlímítà 65.

Púlọ́ńbà ní òun fẹ́ fa omi inú páìpù dànù kí wọ́n tó dé, pé òtútù lè mú un di yìnyín. Ẹni tó máa lẹ táìsì náà ní kí n tan hítà ilẹ̀, ìyẹn omi gbígbóná inú páìpù, lọ́jọ́ kejì tí wọ́n bá dà á, pé láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò ti gbẹ. Àbúrò ọkọ mi tún ní kí n pa ti símẹ́ǹtì tì, kí n lo èyí tí wọ́n ń tú bí omi. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Màmá mi ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta lọ́jọ́ 18 oṣù kejìlá. Eékún ń yọ wọ́n lẹ́nu gan-an. Nítorí wọn ni mo ṣe ní kí wọ́n ri páìpù mọ́ ilẹ̀.

Bíríkìlà Ìjẹ̀bú-Igbó

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní London nìyí, ó ti pé ọdún 11. Fún àwọn tó ń kà á láti ilé, screed yìí kì í ṣe èyí tí àwọn akunlé ń fi pa ògiri kó lè dán o. Ilẹ̀ la ń dà á sí kí táìsì tó gorí ẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fa omi yẹn. Kí púlọ́ńbà fi omi kún páìpù, kó tẹ̀ ẹ́ dé láàrin bar 4 sí 6 (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára omi inú páìpù), kó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi dà á tán. Aago kékeré kan tó ń fi í hàn wà lára mànífóòdù, níbi tí páìpù ti pàdé. Ẹ dúró tì í. Nílé kan ní Croydon, ẹsẹ̀ bárò ló gún páìpù, kò sẹ́ni tó rí i. Mo kàn ṣíjú wo aago ni, abẹ́rẹ́ tó wà lórí 5 ti já sí 2. A dá iṣẹ́ dúró. Mo kúnlẹ̀, mo ń fi ọwọ́ wú screed tútù náà títí mo fi kan ibi tí omi ti ń sun lábẹ́ ìka mi. Kò tó wákàtí kan tí púlọ́ńbà fi so ó. Ká ní páìpù náà gbẹ ni, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá lẹ táìsì tán ni wọn ì bá tó mọ̀.

Òótọ́ ni ti òtútù tí púlọ́ńbà ń sọ. Ẹ gbé hítà kékeré sí yàrá, kí ibẹ̀ má lọ sísàlẹ̀ 5°C.

Tí wọ́n bá ń po ó, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan kí ẹ fún un. Tó bá dì mọ́ra bí òkèlè ẹ̀bà tí omi ò sì kán láàrin ìka yín, ó dáa. Tó bá tú ká bíi gàrí, omi ò tó o. Tí omi bá ń kán, ilẹ̀ náà máa là nígbà tó bá ń gbẹ. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ti fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹsẹ̀ ògiri ká, torí ilẹ̀ tó bá gbóná máa ń fẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ríbi fẹ̀ sí. Tí wọ́n bá tẹ́ ẹ tán, ẹ fi ọ̀rá bò ó fún ọjọ́ 7.

Ti hítà ọjọ́ kejì yẹn, ẹ má gbọ́ ọ rárá! Omi inú símẹ́ǹtì ló fi ń le. Tí ẹ bá lé omi náà jáde, ilẹ̀ ò ní lágbára. Ìlànà Yúróòpù, EN 1264, ní kí ẹ dúró fún ọjọ́ 21. Lẹ́yìn ìyẹn, kí omi 20 sí 25°C máa gba inú páìpù fún ọjọ́ 3, kí ẹ tó gbé e dé ibi tó ga jù tí wọ́n ṣètò fún un, fún ọjọ́ 4.

Ọmọ Ọ̀ṣogbo, Leeds

Àǹtí, ẹ gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n yìí. Ọjọ́ karùn-ún ni èmi tan tèmi, torí òtútù Leeds ò ṣeé fẹnu sọ. Ilẹ̀ náà là láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fíríìjì, owó kọ́bọ̀ wọ inú ẹ̀ ní òró. Táìsì 11 ló ń dún kókó bí igbá òfìfo. A hú gbogbo ẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Kent)

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n, ti àbúrò ọkọ mi ńkọ́? Àti pé màmá mi ò ní bá táìsì nílẹ̀ nìyẹn?

Bíríkìlà Ìjẹ̀bú-Igbó

Èyí tó ń ṣàn bí omi dáa. Mìlímítà 50 tó o, ó máa ń wọ abẹ́ páìpù dáadáa, ẹ sì lè tan hítà sí i lẹ́yìn ọjọ́ 7. Ṣùgbọ́n irú èyí tó wọ́pọ̀ jù, gypsum, irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe POP, ló wà nínú ẹ̀. Èèpo fẹ́lẹ́ kan máa ń yọ sójú ẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ha kúrò, gọ́ọ̀mù táìsì tó ní símẹ́ǹtì sì máa ń bá a jà bí wọn ò bá kọ́kọ́ kun primer, ọ̀dà ìpìlẹ̀, sí i. Ẹ ti ní ẹni tó mọ ti símẹ́ǹtì lọ́wọ́, èmi ò bá má pààrọ̀ ẹ̀.

Ti màmá, ẹ jẹ́ ká kà á. Ọjọ́ 21 láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun bọ́ sí 25 oṣù kọkànlá. Ẹ fi ọjọ́ 7 kún un, 2 oṣù kejìlá. Wọn ò tíì wọ ọkọ̀ òfurufú nígbà yẹn, ilẹ̀ yín ti ń gbóná. Táìsì ni kò ní tíì sí. Mìlímítà kan ló ń gbẹ lójúmọ́ títí dé 50, èyí tó kù lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi táìsì sí ìparí oṣù kìn-ín-ní, kí wọ́n sì kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin lé e; kó ti wálẹ̀ dé 75% kí wọ́n tó lẹ táìsì. Ẹ má tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí i kí ìyẹn tó dé, yóò dá omi dúró. Bàtà fẹ́lẹ́ tó fún màmá.

Ìyá Ìbejì (Kent)

Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti ń dà á báyìí. Abẹ́rẹ́ wà lórí 5 láti àárọ̀, mo jókòó tì í pẹ̀lú tíì mi. Mo fún un lọ́wọ́ bẹ́ ẹ ṣe ní kí n ṣe, ó dì bí òkèlè.