Ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá lọ́wọ́ táífọ́ọ̀dì, Kérésì sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe chin-chin ọdún yìí?

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó

Ẹ̀yin ará ilé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí àwọn tó wà nílé lọ́dọ̀ mi ti dá ẹjọ́ mi tán láìbi mí. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni táífọ́ọ̀dì dá mi wólẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ibà lásán ni, mo ra oògùn ibà ní kẹ́mísìtì mo lò ó tán, ara gbígbóná ò lọ, orí ń fọ́ mi bíi pé wọ́n ń gúnyán nínú ẹ̀, inú ń run mi, oúnjẹ ò ṣeé jẹ, àfi ìgbà tí mo fẹ́ jáde lóru ọjọ́ kan tí mo ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni bàbá ìbejì tó gbé mi sínú Márúwá ó di ọsibítù. Ọjọ́ márùn-ún ni mo lò níbẹ̀, omi lápá, abẹ́rẹ́ láàárọ̀ abẹ́rẹ́ lálẹ́. Mo dúpẹ́ mo ti wà nílé báyìí, oògùn tí wọ́n kó fún mi ku ti ọjọ́ mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ tó wá wà nílẹ̀ nìyí. Tó bá ti di Dìsẹ́ńbà, gbogbo àdúgbò wa ló mọ̀ pé ọwọ́ mi kì í kúrò nínú fúláwà. Kílò márùn-ún ni mo máa ń po fún chin-chin, kéèkì ńlá méjì á tún lé e, màá pín in sí náílọ́ọ̀nù, ti lánlọ́ọ̀dù, ti àwọn kúáyà, ti tíṣà àwọn ọmọ, ti Alhaja tó múlé tì wá ló máa ń tóbi jù torí tó bá di Iléyá odindi itan àgbò ló ń wọlé wá, àwo yẹn ò sì lè padà lófìfo, ẹ̀yin náà mọ̀. Ọdún kọkànlá rèé, mi ò fò ó rí, ọdún tí mo bí àwọn ìbejì gan-an mo ṣe é.

Bàbá ìbejì ní ká ra bísíkíìtì pín lọ́dún yìí. Bísíkíìtì! Àkọ́bí mi obìnrin ń sọ fún mi pé mọ́mì ẹ lọ sùn, bíi pé òun ló bí mi. Kí n má purọ́, mo dán an wò lánàá, kílò kan péré, kí n tó po ó dé ìdajì òógùn ti bò mí, orúnkún ń gbọ̀n, òórùn bọ́tà tí mo fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ wá ń gbé èébì wá fún mi. Mo bo abọ́ yẹn mọ́lẹ̀ mo lọ dùbúlẹ̀, mo sunkún díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣàìsàn rí tẹ́ ẹ tún dáná ọdún, báwo lẹ ṣe ṣe é? Chin-chin àbí kéèkì, èwo ni ò ní gba agbára jù? Èmi fúnra mi ńkọ́, kí ni mo lè máa jẹ, ẹnu mi korò bí ewúro, mo kàn ń fi omi gbé oògùn mì ni.

Bọ̀dá Ògólóńtò

Màmá ẹ sinmi jàre. Chin-chin wà ní Ṣábó, ẹ rán ọmọ kó lọ rà á, ẹ tún un dì sí náílọ́ọ̀nù tiyín, ta ló fẹ́ mọ̀.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó

Gbogbo wọn ló máa mọ̀! Àwọn tó ti ń jẹ tèmi láti ọdún mẹ́wàá, ṣé wọn ò lẹ́nu ni?

Nọ́ọ̀sì Agric

Ẹ kú ewu mà, Ọlọ́run á parí ẹ̀ sí ayọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tẹ́nì kankan ò tíì sọ, ẹ má sì bínú sí mi. Ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, ṣùgbọ́n ti táífọ́ọ̀dì, èèyàn ló ń gbé e fún èèyàn. Ara ìgbẹ́ ló ti ń jáde, ó lè gba ọwọ́ dé inú oúnjẹ, ó lè gba inú kànga dé ẹnu. Ara ẹni lè ti yá kí kòkòrò yẹn ṣì máa bá ìgbẹ́ jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn díẹ̀ sì wà tó jẹ́ pé inú àpò òróòro wọn ló máa ń lúgọ sí, wọ́n á gbé e kiri fún ọdún gbọọrọ, ara wọn á le koko, wọn ò sì ní mọ nǹkan kan.

Kúùkù kan wà ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, Mary Mallon lorúkọ ẹ̀, ilé àwọn olówó ní New York ló ti ń se oúnjẹ. Ilé tó bá gbaṣẹ́ sí, kò ní pẹ́ tí táífọ́ọ̀dì á fi wọbẹ̀, òun ò sì ní ní kiní kan. Ní 1907 wọ́n mú un lọ sí erékùṣù kan tí wọ́n ti ń ya àwọn alárùn sọ́tọ̀, wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1910 pé kó má dáná fún ẹnikẹ́ni mọ́, ó yí orúkọ padà, ó tún padà sídìí ààrò, ní 1915 wọ́n tún rí i nílé ìwòsàn àwọn aláboyún tó ti ń se oúnjẹ, wọ́n dá a padà sí erékùṣù yẹn, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní 1938. Ó ṣe mí láàánú torí kò gbà rárá pé òun ló ń kó o ran èèyàn, báwo lẹni tára ẹ̀ le ṣe fẹ́ gbà? Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé oúnjẹ gbígbóná tó ń sè kọ́ ni wọ́n fura sí, torí iná máa ń pa kòkòrò náà. Àìsìkiriìmù tó máa ń gé èso tútù sí ni, ìyẹn ò rí iná lẹ́yìn tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ wá wo ti chin-chin yín. Nínú òróró gbígbóná kòkòrò kankan ò lè yè é, inú ófùn náà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó bá tutù tán ni ọ̀rọ̀ wà, tẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ bù ú sí náílọ́ọ̀nù, tẹ́ ẹ bá ń to áísìn sórí kéèkì, tẹ́ ẹ bá ń gé èso fún àlejò. Ibẹ̀ ni kí ẹlòmíì ti ṣe é. Ní ti pípo, kí ọwọ́ yín ti rí ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn dáadáa lẹ́yìn ilé ìgbẹ́, abẹ́ èékánná pẹ̀lú.

Ẹ lo oògùn yẹn tán o, kódà tára bá ti le. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ bi dókítà yín ìgbà tẹ́ ẹ lè wá ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ tí wọ́n máa ń gbìn ní láàbù, kì í ṣe Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ń ṣe fún táífọ́ọ̀dì, torí Widal ṣì lè máa sọ pé ó wà nígbà tára ti yá tipẹ́. Tí inú bá sì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí run yín gidi tó le bíi pákó, tàbí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ má dúró de àárọ̀, táífọ́ọ̀dì máa ń dá ihò sí ìfun nígbà míì.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó

Nọ́ọ̀sì, omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka èyí. Ṣé èmi náà ló wá di ẹni táwọn èèyàn ò ní lè jẹun ọwọ́ ẹ̀? Mi ò bínú sí yín o. Mo kàn rántí pé mo po ògì fáwọn ìbejì ní Túsìdeè ni.

Nọ́ọ̀sì Agric

Ògì tó hó lórí iná ò ní nǹkan ṣe mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Tára ẹnì kan bá gbóná nílé ni kẹ́ ẹ tètè mú un wá, kẹ́ ẹ má lọ sí kẹ́mísìtì. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọwọ́ yín yẹn, fún ìgbà díẹ̀ ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í ṣe títí ayé. Ẹ̀yin kọ́ ni Mary, ẹ̀yin ti mọ̀.

Bẹ́kà Ìjẹdẹ̀

Mọ́mì ẹ kú ara líle. Iṣẹ́ mi lèyí torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, chin-chin kílò márùn-ún ò ṣeé ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi tára mi le gan-an ẹ̀yìn máa ń ro mí. Pípo lọ́tọ̀, yíyí lọ́tọ̀, gígé lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ tún wá dúró ti òróró gbígbóná fún wákàtí mẹ́rin, èéfín ẹ̀ nìkan á dá yín padà sí ọsibítù. Kéèkì ló rọrùn jù. Ibi tó le níbẹ̀ kò ju pípo bọ́tà mọ́ ṣúgà, ẹ gbé bọ́tà síta látàárọ̀ kó rọ̀ fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fún ọmọ yín tó ń rán yín lọ sùn yẹn ní ọmọrogùn, agbára ẹ̀ ló yẹ kó lọ síbẹ̀.

Tí kò bá sí ófùn nílé, ìkòkò ńlá tí ìdí ẹ̀ nípọn ni, ẹ da iyanrìn gbígbẹ sí i bí ìka méjì, ẹ dé e, kó gbóná bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ wá gbé páànù kéèkì lé nǹkan tó ga díẹ̀ nínú ẹ̀ kí ìdí ẹ̀ má bàa jó. Iná kékeré. Ẹ má ṣí i wò láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ ṣí i, ẹ má ṣí i, ẹni tó bá ń yọjú wo kéèkì ló máa ń jẹ èyí tó rì láàárín.

Tó bá sì jẹ́ pé chin-chin ni dandan, kílò kan péré, kẹ́ ẹ yan án, ẹ má dín in. Fúláwà kílò kan, bọ́tà 250 gíráàmù, ṣúgà bíi 200, ẹyin mẹ́ta, nọ́tímẹ́ẹ̀gì díẹ̀, mílíìkì tó máa mú un dì. Ẹ po ó lálẹ́, ẹ wé e sí náílọ́ọ̀nù sínú fíríìjì, ẹ sùn. Láàárọ̀ káwọn ọmọ yí i kí wọ́n gé e, ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù, ófùn 180, ogún ìṣẹ́jú sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀kan. Kò ní rí bíi ti òróró, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ yóò máa ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu, ikùn yín náà á sì gbà á jù.

Alhaja Ṣábó

Ọmọ mi, Ọlọ́run á fún ẹ ní àlàáfíà. Gbogbo wọn ti sọ tiwọn, ẹnì kan ò dáhùn ọ̀rọ̀ ẹnu tó korò. Má fi dandan mú àwo ńlá, díẹ̀díẹ̀ ni, kódà kó di ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Ògì tó ní mílíìkì, mọ́ínmọ́ín rírọ̀ tí kò ní ata ṣọ̀ńbọ̀, omi ẹja. Ṣùgbọ́n èyí tó dá ẹnu tèmi padà lọ́dún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, ìkọ́kọrẹ́ ni. Ìgbógbó lo wà, ṣé ewùrà ló máa wọ́n ẹ? Jẹ́ kí wọ́n rin ín kúnná, iyọ̀ díẹ̀, kí omi ẹja àti tàtàṣé pẹ̀lú epo ṣíbí kan péré máa hó lórí iná, kí wọ́n wá máa bù ú sí i ní kéékèèké, kí wọ́n dé e. Kí wọ́n má rò ó o! Ẹni tó bá kánjú rò ó á kàn rí omi ewùrà jẹ ni. Ìgbà tó bá ti jinná ni kí wọ́n tó rò ó fẹ́ẹ́rẹ́, kí kókó ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó ń lọ lọ́fun wọ̀ọ́rọ̀wọ́.

Ọ̀rọ̀ àwo tó ò fẹ́ kó padà lófìfo yẹn ló bí mi nínú díẹ̀. Èmi náà ń gbé ẹran Iléyá fáwọn Kìrìsìtẹ́nì tó múlé tì mí, mi ò kà á sí gbèsè rí. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ti orí àìsàn dìde wá dín chin-chin torí àwo mi, màá bá a jà. Lọ bi Alhaja tiẹ̀ wò.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó

Mo padà wá jábọ̀ o. Oògùn ti tán, dókítà ní kí n padà wá lẹ́yìn ọdún fún àyẹ̀wò ìgbẹ́ yẹn. Mo jẹ ìkọ́kọrẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta léra, Alhaja Ṣábó ẹ ṣeun, lọ́jọ́ kejì ni mo tó mọ̀ pé iyọ̀ wà nínú oúnjẹ.

Kílò kan la ṣe, yíyan. Àkọ́bí ló po ó, mo jókòó sórí àga mo ń pàṣẹ. Nígbà tí ariwo wa pọ̀ jù Alhaja wa yọjú lórí fẹ́ǹsì pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, mo sọ fún un, ó ní ó ti ṣe é tí mi ò pe òun, ó ṣẹ́wọ́ ó wọlé, òun ló yí gbogbo ẹ̀ pátápátá. Àwọn ìbejì ló gé e. Òmíràn gùn bí ìka, òmíràn dà bí eyín ajá, ẹni tó bá gba tiwa lọ́dún yìí kó má wo ojú ẹ̀, kó kàn jẹ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì Agric

Inú mi dùn mà. Ta ló kó o sí náílọ́ọ̀nù?

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó

Bàbá ìbejì ni. Mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn bí ẹlẹ́wọ̀n títí ó fi dì í tán. Ó sì ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń dì í, àpò mẹ́rìnlá ló yẹ ká rí, mọ́kànlá ló délé àwọn èèyàn.