Ìwé kejì fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì: Yorùbá ni, àbí Òyìnbó?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àgbò (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ló wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Mo fẹ́ kọ́ wọn ní nǹkan tí Dókítà Rita Charon bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia, New York, lọ́dún 1993. Yàtọ̀ sí fáìlì ọsibítù, akẹ́kọ̀ọ́ á ní ìwé kejì tí á ti máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kọ ohun tí kò láyè nínú fáìlì. Bí bàbá tí jẹjẹrẹ ń yọ lẹ́nu bá rán an létí bàbá àgbà tirẹ̀ tí àrùn yẹn náà pa, ibẹ̀ ló máa kọ ọ́ sí. Wọn á wá jókòó, wọn á kà á sí ara wọn létí.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni màmá kan tó ń yan gàrí. Oṣooṣù ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru sókè, oṣooṣù ni à ń bá wọn jà pé wọn ò lo oògùn. Èmi gan-an wà lára àwọn tó ń jà. A ti kọ ọ́ sí fáìlì pé aláìgbọràn ni wọ́n. Lọ́jọ́ kan tí òjò ò jẹ́ kí èrò pọ̀, mo ní kí wọ́n sọ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá wọn títí di alẹ́ fún mi. Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n ti ń dáná. Tí ọwọ́ bá kúrò nínú agbada, gàrí á jóná. Ọ̀kan nínú oògùn wọn sì rèé, èyí tó ń mú èèyàn tọ̀ ni. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọkùnrin tó ń fún ẹ̀gẹ́ ló sì kún àyíká. Wọ́n ní, "Ṣé ojú àwọn ọmọ tí mo bá ìyá wọn gbé pọ̀n ni kí n ti máa káṣọ?" Mo sọ fún dókítà, ó pààrọ̀ oògùn náà. Ọdún méjì la fi jà lásán.

Ìṣòro mi nìyí. Bí àwọn ọmọ yìí bá fi Òyìnbó kọ ìwé kejì, fáìlì náà ló tún ń dà. Bàbá kan sọ pé "nǹkan ń rìn lórí mi bí ìjàlọ", akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ pé orí ń fọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n fi Yorùbá kọ ọ́, méjì ní àwọn ò mọ àmì ohùn, ẹnì kan ní wọ́n máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Dókítà Ṣágámù

Sístà, ẹ gbàgbé àmì ohùn. Ọ̀rọ̀ ìjàlọ yẹn ni kí ẹ dì mú. Ẹni tó ní nǹkan ń rìn lórí òun, tàbí pé orí òun ń gbóná, ó lè jẹ́ pé ìrònú tàbí ìbànújẹ́ ló ń bá jà. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé orí fífọ́ ni, parasítámọ́ọ̀ lèmi máa kọ fún un, á sì máa lọ.

Lọ́dún 1984, àwọn olùwádìí méjì, Beckman àti Frankel, kọ ọ́ pé ìṣẹ́jú àáyá 18 péré, ní ìpíndọ́gba, ni dókítà fi ń jẹ́ kí aláìsàn sọ̀rọ̀ kó tó já lù ú. Amẹ́ríkà nìyẹn o. Mo fi aago wọn ara mi lọ́jọ́ kan. Mi ò ní sọ iye rẹ̀ níbí.

Ìyá Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ọmọ mi, o ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ti jù. Ìgbà tí o ti pe ara rẹ ní Òkè-Àgbò, tí o sì ní màmá kan ń yan gàrí, mélòó ló kù tí ará ibẹ̀ máa rò kó tó mọ̀ wọ́n? Ìjẹ̀bú kì í ro ẹjọ́ tinú rẹ̀ fún ẹni tó máa lọ kà á síta. Kó o tó fún àwọn ọmọ yẹn ní bírò, kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yí orúkọ, iṣẹ́ àti àdúgbò padà. Ìwé náà ò sì gbọdọ̀ tẹ̀ lé wọn délé.

Ará Ìpẹru

Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ìyá mi ni mo máa ń mú lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń ka ohun tí ẹ kọ padà sí aláìsàn létí? Wọ́n kọ ọ́ rí pé ìyá mi kì í jẹun. Ìkọ́kọrẹ́ tí àna wọn sè ni wọn kì í jẹ.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àgbò

Ìyá, ẹ ṣeun. Gàrí kọ́, Òkè-Àgbò kọ́. Mo ti yí i kí n tó kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ará Ìpẹru, mi ò ronú kan kíkà á padà rárá. A máa gbìyànjú ẹ̀.

Ọmọ tó ń sá fún yẹ̀yẹ́ ti kọ tirẹ̀ lánàá, láìsí àmì ohùn kan ṣoṣo. Bàbá oníjàlọ ni. Ó padà lọ jókòó tì wọ́n. Ìyàwó wọn kú lọ́dún tó kọjá, kò sì sí nínú fáìlì. Dókítà máa tún wọn rí lọ́jọ́ Tuesday.