Ṣé lóòótọ́ ni pé irú resistor (ẹ̀yà kékeré tó ń dín iná kù) máa ń yí ohùn pedal gìtá padà?

Onígìtá Mọ́kọ́lá: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fọwọ́ ara mi ṣe Fuzz Face, pedal tó máa ń mú ohùn gìtá ha: transistor (ẹ̀yà tó ń gbé ohùn sókè) AC128 méjì tí wọ́n fi germanium ṣe, bátìrì 9V. Resistor inú rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ: 33k (k ni ẹgbẹ̀rún ohm), 8.2k, 470 ohm àti 100k. Ẹ̀gbọ́n tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n má fi resistor metal film aláwọ̀ búlúù sí i, pé ohùn rẹ̀ á gbẹ. Resistor carbon composition àtijọ́ ló ní kí n wá. Mo wá a dé Aláàbà, owó ẹyọ kan ra ogún búlúù! Ṣé kí n rà á?

Bàbá Áyọ́ọ̀nù: Àbúrò, fi owó ẹ sápò. Èmi náà ti kó sí i rí. Mo ṣe méjì, ọ̀kan carbon, èkejì metal film. Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo ki transistor sí, àwọn kan náà ni mo sì ń yọ láti inú ọ̀kan sí èkejì. Oní-carbon dùn jù, kò sí àríyànjiyàn. Ohùn rẹ̀ nípọn bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwàásù kí n tó fi mítà wò ó: èyí tí wọ́n kọ 8.2k sí lára, 9.7k ló jẹ́! Carbon àtijọ́ máa ń mu ọ̀rinrin, iye rẹ̀ á sì máa gòkè. Resistor 8.2k yìí ló sì ń pinnu fólítì tó máa wà lára collector (ẹsẹ̀ tí ohùn ń gbà jáde) transistor kejì. Mo to metal film 8.2k àti 1.5k tẹ̀lé ara wọn sínú èkejì kó lè di 9.7k, mo kọ ẹ̀yìn, mo ní kí ọmọ mi máa pààrọ̀ pedal méjèèjì. Mi ò mọ èwo nèwo mọ́.

Ìyá Túùbù: Inú ámúpù onítúùbù, tó ń lo túùbù onígíláàsì dípò transistor, ni òkìkí carbon ti wá. Níbẹ̀, fólítì tó wà lórí resistor lè ju igba lọ, ó sì máa ń yí iye rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ni 9V fẹ́ fi ṣe é? Ariwo ṣààà tí carbon ń ṣe lẹ máa fowó rà.

Onígìtá Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣé gan-an. Mo ra búlúù, mo fi trimmer 20k (resistor tí a lè yí iye rẹ̀) rọ́pò 8.2k, mo yí i títí mítà fi ka 4.5V lára collector yẹn. Ó dùn! Àmọ́ a ṣeré níta lọ́sàn-án Sátidé, oòrùn pa á, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í já bíi rédíò tí bátìrì ẹ̀ ń kú.

Bàbá Áyọ́ọ̀nù: Germanium nìyẹn. Bó bá ti gbóná, iná á máa jò nínú ẹ̀. Gbé e sábẹ́ àga onílù.