Lórí “ẹran aláìlẹ́jẹ̀”: ẹ jẹ́ kí olú máa jẹ́ olú

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá wa kan ní Súrùlérè dábàá pé nínú ìwé ìlera tí à ń túmọ̀, ká yéé pe olú (èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní mushroom) ní olú, ká máa pè é ní “ẹran aláìlẹ́jẹ̀”. Ìdí méjì ni wọ́n mú wá. Wọ́n ní olú ti níṣẹ́ mìíràn nínú èdè wa, bíi ti olú-ìlú àti olú-ọmọ. Wọ́n tún ní àwọn kà á lára ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí wọ́n di olú kan sí pé nínú 100 gíráàmù rẹ̀, 25 gíráàmù ló jẹ́ purotéènì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹran dọ́gba. Àwọn kan ti ń fọwọ́ sí i. Èmi ò fọwọ́ sí i o.

Ti olú-ìlú yẹn kò le. Ta ló máa gbọ́ “mo fi olú se ẹ̀gúsí” tí yóò rò pé Àbújá ló wà nínú ìkòkò?

Ti purotéènì ló yẹ ká jókòó tì. Olú gbígbẹ ni wọ́n ka ìwé ara ọ̀rá rẹ̀. Olú tútù tí à ń rà lọ́jà, omi ni nǹkan bí 90 gíráàmù nínú 100 rẹ̀, purotéènì tó wà níbẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ju 3 gíráàmù lọ. Ẹran màlúù tí a ti sè máa ń ní tó 25. Ẹni tó bá fẹ́ fi olú gbígbẹ wé ẹran, kó sá ẹran náà di kúndi ná, kó tó gbé àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n.

Èmi náà dán an wò ní Sátidé. Mo ra olú ọ̀rá kan ní Oyíngbò, ọ̀rá náà kún fọ́fọ́. Mo dà á sínú páànù lórí iná díẹ̀, n ò bu omi sí i rárá, àmọ́ kò pẹ́ tí omi fi ń sun jáde lára rẹ̀ tó ń hó wùkùwùkù. Nígbà tí omi náà fi máa gbẹ, èyí tó kù ò kún ẹ̀kúnwọ́ mi kan. Ìyàwó mi yọjú wò ó, ó ní, “Bàbá Tolú, ṣé ẹran aláìlẹ́jẹ̀ yín náà rèé?” (Tolú wa ò sì tíì bínú sí ọbẹ̀ olú rí nítorí orúkọ.)

Ẹ̀rín ni nínú ilé tiwa. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ tó bá gbọ́ “ẹran” lẹ́nu nọ́ọ̀sì lè torí ẹ̀ yọ ẹja àti ẹ̀wà kúrò nínú abọ́ ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dun èmi.

Kò wá túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ọ̀gá wa kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Gbogbo irú àmínò ásíìdì (àwọn ègé tó para pọ̀ di purotéènì) tí ara wa ò lè dá ṣe fúnra rẹ̀ ló wà nínú olú. Àwọn tó fẹ́ ká pè é ní ẹ̀fọ́ ló tilẹ̀ ṣìnà ju tiwọn lọ, torí olú kì í ṣe ewéko. Kò ní àwọ̀ ewé, kì í fi oòrùn dáná oúnjẹ ara rẹ̀. Ó máa ń tu omi ara sórí pákó tó hù sí ni, kí pákó náà rọ̀, kó wá fà á mu. Ìbátan rẹ̀ ni èbu tó ń hù lára búrẹ́dì, àti ìwúkàrà tó mú búrẹ́dì náà wú, àti làpálàpá orí ọmọ iléèwé. “Ìran olú” ni mo fẹ́ ká máa pe gbogbo wọn lápapọ̀.

Ohun mìíràn wà tá ò tíì sọ. Èròjà tí wọ́n fi mọ ògiri ara olú, òun náà ló wà nínú èèpo edé àti ti akàn. Ìdí nìyẹn tí olú tútù fi máa ń nira fún ikùn láti lọ̀, tó fi yẹ ká sè é dáadáa. Kítìnì ni wọ́n ń pè é lókè òkun. Ẹ jẹ́ ká pè é ní “aṣèèpo”. Ará Èkó tó ti bó edé rí kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

“Fítámínì oòrùn” tí ẹnì kan dá fún fítámínì D wù mí gan-an. Èròjà kan wà nínú olú tó jẹ́ ìbátan kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, oòrùn ló ń sọ ọ́ di fítámínì D. Inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń gbin púpọ̀ nínú èyí tó ń dé ọjà, kì í fi bẹ́ẹ̀ ní in. Ẹ gé e pẹlẹbẹ, ẹ sá a sí oòrùn ọ̀sán fún wákàtí kan, yóò ní in.

“Olú ìwòsàn” tí àwọn kan ń pè é ni n ò gbà. Ṣúgà àti ọ̀rá inú rẹ̀ kéré, pòtásíọ̀mù àti fítámínì B wà níbẹ̀, oúnjẹ tó dára ni fún alátọ̀gbẹ. Oúnjẹ ni, kò wo àtọ̀gbẹ, kò wo jẹjẹrẹ. Ẹ má sì gbàgbé pé ìran kan náà ló bí olú olóró tí iná kì í pa oró rẹ̀, tó lè tó wákàtí 6 sí 12 kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run ẹni, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bà jẹ́.

Mo bi ìyá tó tà á fún mi pé kí lorúkọ rẹ̀, kó lè yàtọ̀ sí olú ọ̀rán inú igbó. Ó wò mí bíi pé orí mi ti ń yí. “Olú ágíríkì ni, bùrọ̀dá.” Lẹ́búlẹ́bú pákó láti Òkò Bàbá ló fi ń gbìn ín, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé. Mo ti kọ ọ́ sínú àkójọ wa bó ṣe pè é, lẹ́gbẹ̀ẹ́ adìyẹ ágíríkì.

Ó ku aṣèèpo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gírámà jù mí lọ, ṣé ẹ ò rò pé àwọn èèyàn á máa kà á bí ẹni tó ń ṣe èèpo tà?