Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọkọ̀ kékeré àtijọ́ tí mo fẹ́ kó dín epo mímu kù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì. Ọkọ̀ kékeré ọdún 1998 ni, ẹ́ńjìnnì lítà 1.6, gíà ọlọ́wọ́ márùn-ún. Ó ń mu lítà 8.5 ní kìlómítà 100. Mo fẹ́ kó wá sí 7.

Táyà wà ní 35 psi, kò sì kọjá iye tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Búrẹ́kì kò di táyà mú: lórí jáàkì, ọwọ́ kan péré ló ń yí i. Oxygen sensor iwájú (ẹ̀rọ tó ń wo oxygen inú èéfín ẹ́ńjìnnì) ń lọ ó ń bọ̀ láàárín 0.1 àti 0.9 volt, nítorí náà ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Wọ́n ti yọ thermostat rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dí omi rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó, dànù tẹ́lẹ̀. Mo ti fi ti 88°C síbẹ̀, torí bí ẹ́ńjìnnì kò bá gbóná tó, ńṣe ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ á máa da epo kún epo.

Kí afẹ́fẹ́ má baà máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, mo fẹ́ fi pákó oníke dí ìdajì ihò afẹ́fẹ́ iwájú rédíétọ̀. Fáànù ń ṣiṣẹ́ ní 95°C. Ṣé tó bá ń tan lójú ọ̀nà márosẹ̀, mo ti dí i jù nìyẹn?

Èkejì: ní 100 km/h, ẹ́ńjìnnì ń yí 3,200 ní ìṣẹ́jú kan. Bí mo bá pààrọ̀ gíà karùn-ún láti 0.82 sí 0.73 (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí fún ìyípo kan tó jáde nínú gíà), á wá sí nǹkan bí 2,850. Ṣé á ṣì lè gun òkè láìpadà sí gíà kẹrin ní gbogbo ìgbà?

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń so mọ́ páìpù epo pé ó ń dín epo kù.