Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi mú ọmọ mi lọ wo fíìmù tó ní àmì R: ṣé kí n dákẹ́ ni?

Ìyá Àbíkẹ́yìn: Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ẹ̀yin ará inú ẹgbẹ́ yìí. Ọkàn mi kò balẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní ṣeé kó padà. Amẹ́ríkà ni èmi àti àwọn ọmọ mi ń gbé. Nígbà ìsinmi, mo fi àbíkẹ́yìn mi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ilẹ̀ Faransé. Èmi ni mo san owó ọkọ̀ òfuurufú, èmi ni mo ra ẹ̀bùn fún gbogbo ará ilé wọn, títí kan àwọn ọmọ tí kò kí mi lórí fóònù láti ọdún tó kọjá. Ọmọ náà padà dé, ó ń ròyìn ìrìnàjò rẹ̀, ló bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé Àǹtí, ìyẹn ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, mú òun lọ sí ilé sinimá, wọ́n sì jọ wo fíìmù kan tó jẹ́ pé àmì R ni wọ́n fi sí i níhìn-ín, ìyẹn àmì tó ń kìlọ̀ pé kì í ṣe fíìmù ọmọdé. R! Mo pe ìyàwó náà, ohun tó fi dá mi lóhùn ni pé ti gbogbo ènìyàn ni fíìmù náà lọ́dọ̀ àwọn, pé ẹnikẹ́ni kò béèrè ọjọ́ orí lẹ́nu ọ̀nà. Ó tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí jù. Báwo ni fíìmù kan náà ṣe lè jẹ́ èèwọ̀ fún ọmọdé níbì kan, kó sì jẹ́ ti tọmọdé tàgbà níbòmíràn? Ṣé kì í ṣe pé ó ń purọ́ fún mi? N kò tíì bá wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà.

Akọ̀wé Àgbà: Kò purọ́, arábìnrin mi. Ìpele mẹ́rin péré ni wọ́n ní fún ilé sinimá ní ilẹ̀ Faransé: ti gbogbo ènìyàn, ti ẹni tó ti pé ọdún 12, ti 16 àti ti 18. Ọ̀pọ̀ fíìmù tí Amẹ́ríkà fi àmì R sí ni wọ́n ń kà sí ti gbogbo ènìyàn níbẹ̀, pàápàá nígbà tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àlùfànṣá tàbí ìhòòhò ló fa R náà. Ṣùgbọ́n ẹ kò sọ èyí tó ṣe kókó: ọmọ ọdún mélòó ni? Kí ló sì fa R yẹn?

Ìyá Ìbejì: Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ mi mú ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, lọ wo fíìmù tó ní àmì 15. Wọ́n dá wọn padà. Bàbá rẹ̀ ní òun ni òun bí i, òun sì wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ní kódà kí bàbá bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, àmì 15 kò mọ òbí. 12A nìkan, èyí tí wọ́n mú wọlé ní ọdún 2002, ló gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 láàyè bí àgbàlagbà bá bá a wọlé. Ọmọ náà sunkún délé, bàbá rẹ̀ kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ará Jámánì: Tiwa níbí ló mọ́gbọ́n wá jù: 0, 6, 12, 16 àti 18. Ọmọ tó ti pé ọdún 6 lè wo ti 12 bí òbí rẹ̀ bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti 16, òbí kò lè mú un wọlé. Ìwà ipá ni wọ́n sì ń ṣọ́ jù. Amẹ́ríkà a máa jẹ́ kí ọmọdé wo ìbọn tó ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lábẹ́ PG-13, àmì tó kàn ń kìlọ̀ fún òbí àwọn tí kò tíì pé ọdún 13, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ àlùfànṣá kan pàtó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sábà máa ń di R.

Ìyá Àbíkẹ́yìn: Èmi kò béèrè nípa Jámánì. Ọmọ ọdún 15 ni ọmọ mi, ọmọdé ni lójú mi. R túmọ̀ sí pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 kò gbọ́dọ̀ wò ó, ó tán.

Akọ̀wé Àgbà: Kò tán o. Ohun tí R wí ni pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní òbí tàbí àgbàlagbà tó ń bójú tó o lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmì NC-17, tó rọ́pò àmì X àtijọ́ ní ọdún 1990, ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọdé pátápátá. Bí ó bá ṣe Amẹ́ríkà gan-an ni wọ́n wà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín ì bá mú un wọlé láìsí wàhálà. Kì í sì í ṣe òfin ìjọba: àwọn tó ń ṣe fíìmù ló gbé ètò náà kalẹ̀ fúnra wọn ní ọdún 1968, tí àwọn ilé sinimá sì ń tẹ̀ lé e. Ní ilẹ̀ Faransé, mínísítà àṣà ló ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ fíìmù. Bí wọ́n bá kọ 12 sí i, òfin ni, òbí ì báà wà níbẹ̀.

Àgbà Kan: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko láìbá ẹ̀gbọ́n ẹni sọ̀rọ̀, nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo? Ṣé ẹ ti wo fíìmù náà fúnra yín?

Ìyá Àbíkẹ́yìn: N kò wò ó, n kò sì ní wò ó. Àmì náà ti tó mi. Lórí tẹlifíṣọ̀n ilé mi, mo ti ti gbogbo TV-MA, ìyẹn ètò àgbàlagbà, pa, mo sì ti TV-14, ti ẹni tó ti pé ọdún 14, mọ́ ọn.

Ìyá Ìbejì: Àmì tẹlifíṣọ̀n yàtọ̀ sí ti sinimá, màmá. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n yín ló ń fi TV-14 àti TV-MA sí ètò wọn fúnra wọn. Ohun tí mo rí kọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dá ọkọ mi padà ni pé kí èèyàn ka ìdí tí wọ́n kọ sábẹ́ àmì kó tó wo àmì fúnra rẹ̀.

Ará Jámánì: Ní Sweden, 7, 11 àti 15 ni wọ́n ní. Kò sí 18 rárá.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi Sweden sílẹ̀. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní tiyín ló mọ́gbọ́n wá jù, ẹ tún ń yin ti ẹlòmíràn.

Ará Jámánì: N kò yìn ín. Mo ń fi hàn pé kò sí orílẹ̀-èdè kan tó mọ ọjọ́ tí ọmọ ń dàgbà.

Akọ̀wé Àgbà: Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan. Ìyá Àbíkẹ́yìn, ṣé ẹ ti sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín tẹ́lẹ̀ pé ẹ kò fẹ́ irú fíìmù bẹ́ẹ̀?

Ìyá Àbíkẹ́yìn: N kò sọ fún un. Ọmọ náà ni mo sọ fún. Ó ti bẹ̀ mí kí n mú òun lọ wo fíìmù yìí gan-an kó tó rìnrìnàjò, mo sì ní rárá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bi í bóyá màmá rẹ̀ gbà, ó ní mo gbà.

Àgbà Kan: Ìgbà wo lẹ mọ èyí?

Ìyá Àbíkẹ́yìn: Láti ọjọ́ tí mo pè é. Òun ló sọ ọ́ fún mi, kó tó rẹ́rìn-ín.

Àgbà Kan: Ọmọ yín ló purọ́, ẹni tí ó purọ́ fún lẹ wá ń bínú sí. Kí lẹ ti bá ọmọ náà sọ?

Ìyá Àbíkẹ́yìn: N kò tíì bá a sọ nǹkan kan. Ó rí i pé mo ń bínú, ó rò pé kò kan òun. Ẹ jọ̀ọ́, agogo mélòó ló ti lù ní ilẹ̀ Faransé báyìí?

Ará Jámánì: Agogo kan náà ni tiwa àti tiwọn. Mẹ́sàn-án alẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Wọn kò ní í tíì sùn.