Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ajá méjì ti sọ ọgbà ẹ̀fọ́ mi di bẹ́ẹ̀dì wọn

Ìyá Dámi, Ìbàdàn
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọlọ́gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí kí orí mi tó dàrú.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Bódìjà ò tóbi, ó fẹ̀ tó pálọ̀ méjì. Ebè mẹ́fà ni mo kọ síbẹ̀: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ̀, ewédú, tòmátì, ata rodo àti àlùbọ́sà eléwé díẹ̀. Ajá méjì la ní. Bìǹgó ni ẹ̀gbọ́n, ajá ìbílẹ̀ ni, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Èkejì ò tíì pé ọdún kan. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ ní Tanímọ̀, orúkọ yẹn sì ti ń rò ó. Bí ẹ bá bi í pé ta ló hú ewédú, ojú tó máa fi wò yín, "ta ní mọ̀?" ló kọ síbẹ̀.

Inú kéèjì ni wọ́n ń wà lọ́sàn-án. Tó bá di aago mẹ́wàá alẹ́ ni ọkọ mi ń tú wọn sílẹ̀ nítorí olè. Láti bí ọjọ́ mẹ́fà, kò sí àárọ̀ tí mo jí tí mi ò ké. Lánàá, tòmátì mẹ́rìnlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó ló sùn sílẹ̀, gbòǹgbò kọjú sókè. Tanímọ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ láàárín ewédú, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókè, iyẹ̀pẹ̀ nímú. Bìǹgó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àgbà tí wọn ò fi ọ̀rọ̀ lọ̀.

Ká tà wọ́n ò sí níbẹ̀ o, ẹ má tilẹ̀ dá a lábàá. Ọkọ mi ní kí n kọ́kọ́ ta òun. Aládùúgbò kan ní kí n gbin lápálápá yí ọgbà ká. Òmíràn ní kí n wọ́n ata gígún. Owó tó wà lọ́wọ́ mi fún un ò ju ₦30,000 lọ. Kí lẹ rí sí i?

Àgbẹ̀ Orí Dẹ́kì, Èkó
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, wàhálà tán. Àpò ìrẹsì 50 kílò ni èmi ń lò. Ẹ ká ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ dé ìdajì, ẹ dá ihò sí i nídìí kí omi má bàa dúró, ẹ wá kó iyẹ̀pẹ̀ àti ajílẹ̀ sí i. Tòmátì kan fún àpò kan. Ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù méjì tẹ́ ẹ tò léra wọn. Ajá tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ríbi dúró.

Àléébù rẹ̀ ni pé àpò máa ń gbẹ kíá. Nígbà ẹ̀rún, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ lẹ óò máa bomi rin ín, oòrùn á sì jẹ àpò náà títí tí á fi máa já. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kì í gbádùn àpò lójú tèmi, inú táyà mọ́tò ni mo gbin tèmi sí.

Wòlíì Aláta
Ata ni o, ìyá mi. Ajá tó bá fa ata símú lẹ́ẹ̀kan ò ní padà wá síbẹ̀.

Bàbá Elẹ́ran, Abẹ́òkúta
Wòlíì, ẹ dákun. Ata á wọ ajá lójú, á fẹ́ fẹsẹ̀ nu ún, ẹsẹ̀ yẹn ló sì fi tẹ ata. Mo bá àwọn dókítà ẹran ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ojú ajá tí mo ti bá wọn fi omi ṣàn nítorí ata kì í ṣe ọ̀kan. Òjò ẹyọ kan náà ló sì máa gbá a lọ.

Ìyá Dámi, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ajílẹ̀ wo lẹ fi sí ebè yẹn? Ọjọ́ wo lẹ fi sí i? Ṣé ẹnì kan máa ń mú àwọn ajá yẹn rìn?

Ìyá Dámi
Ìgbẹ́ adìyẹ ni, sà. Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ bù ú lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń sin adìyẹ ládùúgbò wa, ó ṣì tutù nini. Alẹ́ Sátidé... Háà! Alẹ́ Sátidé yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ o!

Rírìn kẹ̀? Kéèjì ni wọ́n ń wà, sà.

Bàbá Elẹ́ran
Ó ti yọ nìyẹn. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù, eegun lílọ̀, ẹ̀jẹ̀ màlúù gbígbẹ, gbogbo ohun tí à ń pè ní ajílẹ̀ yìí, oúnjẹ ni ní imú ajá. Ẹ gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún wọn, ẹ wá ń bínú pé wọ́n jẹun. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù ò tilẹ̀ dáa fún tòmátì fúnra rẹ̀, jíjó ló máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ pò ó pọ̀ mọ́ ewé gbígbẹ, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ síbi tọ́wọ́ ajá ò tó, ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta. Tí kò bá rùn mọ́, ó ti jinná.

Ẹ wá wo ti kéèjì. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ dé mẹ́wàá alẹ́, wákàtí mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Ọmọ ajá tí kò tíì pé ọdún kan! Tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún un, níbo lẹ fẹ́ kó gbé agbára yẹn sí? Kí ọmọ yín kan so okùn mọ́ wọn lọ́rùn, kó mú wọn rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nírọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá ti rìn, wọ́n á ṣọ́lé dáadáa, ẹ máa rí i.

Ìgbà wo lẹ tún ń bomi rin ọgbà? Tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni, ẹ̀yin lẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún Tanímọ̀. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ahọ́n ló ń yọ síta tó fi ń mí ooru dànù. Ilẹ̀ tó tutù dùn mọ́ ọn nínú ju mátíràsì lọ. Ẹ sún un sí àárọ̀.

Lápálápá, rárá o. Kóró rẹ̀ ní májèlé, fún ajá àti fún ọmọdé. Làrà náà rí bẹ́ẹ̀, tiẹ̀ tún le jù ú lọ. Àlùbọ́sà yín náà ń bà mí lẹ́rù. Àlùbọ́sà àti aáyù, ìbáà jẹ́ tútù ìbáà jẹ́ sísè, ẹ̀jẹ̀ ajá ni wọ́n ń bà jẹ́. Kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan lẹ óò rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́, èrìgì rẹ̀ ti funfun, ìtọ̀ rẹ̀ ti dúdú. Àlùbọ́sà yẹn gan-an ló yẹ kó wọ inú àpò Àgbẹ̀ Orí Dẹ́kì. Tòmátì pípọ́n ò láburú, ewé àti igi rẹ̀ ni kẹ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n máa jẹ.

Ọmọ Ekìmọgùn, Oǹdó
Ẹ ṣé, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti kòkó kún un, torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹnì kan fún mi ní àpò méjì èèpo ara kóró kòkó, èyí tí wọ́n máa ń gbò dànù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yan kóró, pé kí n fi bo ilẹ̀ kí omi má tètè gbẹ. Gbogbo ọgbà ń ta sánsán bíi ṣokoléètì. Ajá mi jẹ ẹ́ yó. Lóru ó ń bì, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, mo gbọ́wọ́ lé àyà rẹ̀, ó ń lù kìkìkì bí ẹni pé ó sáré dé láti Ọ̀rẹ̀. Dókítà ẹran ṣàlàyé fún mi pé nǹkan kan wà nínú kòkó tó ń jẹ́ theobromine, ara tiwa ń tètè lò ó tán, ara ajá ò rí i ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yè é, ọpẹ́ ni. Koríko gbígbẹ ni mo fi ń bo ilẹ̀ báyìí.

Ẹlẹ́nu Mímú, Ìṣẹ́yìn
Ẹ má tíì dá ajá lẹ́jọ́ o. Ajá bàbá mi gbẹ́ ìdí ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ògiri fún odindi ọjọ́ márùn-ún, ojú kan náà ló ń gbẹ́. A nà án, a so ó. Lọ́jọ́ kẹfà ó wọ́ okété jáde níbẹ̀, abara bí ọmọ ológbò ńlá. Okété ọ̀hún ló ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ wa, a rò pé olè ni. Ọbẹ̀ alápọ̀n la fi jẹ ẹ́. Ajá gba orí.

Bàbá Elẹ́ran
Òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ ojú kan ló ń gbẹ́, tó ń fi imú tẹ ilẹ̀, ẹran wà lábẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn lọ fi májèlé eku síbẹ̀, ajá tó bá jẹ eku tó jẹ májèlé lè bá a lọ. Oògùn kòkòrò olómi tí àwọn èèyàn ń fín sí ẹ̀fọ́ náà ńkọ́, dichlorvos? Lọ́dún 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà, mo ṣì ń rí àwọn tó ń bù ú sínú korobá. Ọmọ ẹ̀dá ló máa jẹ ẹ̀fọ́ yẹn o.

Adérónkẹ́, London
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Wàhálà tiwa níbí ni ìgbín tí kò ní ìkarahun, òun ló ń jẹ ẹ̀fọ́ wa run. Oògùn tí wọ́n máa ń dà sí i tẹ́lẹ̀, metaldehyde, pa ajá púpọ̀, wọ́n ti fòfin dè é láti 2022.

Ìyá Dámi, ẹ fún wọn ní kòtò tiwọn. Bafù ìwẹ̀ ọmọ tó ti fọ́ ni mo gbé sábẹ́ igi, mo da yanrìn kún un, mo ri eegun kan mọ́ ọn láì jẹ́ kí ajá rí mi. Ó hú u, mo yìn ín bí ẹni yin ọmọ tó gba ipò kìíní. Ọ̀sẹ̀ kan, ó ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni tòun.

Kápẹ́ńtà Ọlọ́parun, Ìbàdàn
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀, ẹ ò fún obìnrin yìí ní fẹ́ńsì. Ẹ ra wáyà ilé adìyẹ, ọparun ni kẹ́ ẹ fi ṣe òpó rẹ̀. Kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Àṣírí ibẹ̀ nìyí: ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan kún wáyà náà, ẹ ṣẹ́ ẹ kó sùn sílẹ̀ sí ìhà ìta, ẹ da iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ẹ gbé òkúta lé e. Ìdí fẹ́ńsì gan-an ni ajá máa ń gbẹ́ kó lè yọ́ wọlé. Èékánná rẹ̀ á kan wáyà, á ṣíwọ́.

Kẹ́ ẹ tó ri òpó, ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti lànà sí. Ajá tó ń ṣọ́lé máa ń gba ojú kan náà yí ògiri ká lálaalẹ́. Ẹ fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀ fún wọn. Mo ti ri òpó sójú ọ̀nà ajá rí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣe.

Ìyá Dámi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kó ìgbẹ́ adìyẹ yẹn kúrò pátá. Àlùbọ́sà ti wọ àpò. Dámi ń mú wọn rìn láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, òun náà ti fi fóònù sílẹ̀ díẹ̀. Wáyà àti ọparun jẹ ₦30,000 náà ku ẹgbẹ̀rún méjì. Yanrìn wà lábẹ́ máńgòrò, àwọn méjèèjì ló ń jà sí i.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan láti rò. Kí fẹ́ńsì tó parí, mo dúró lójú wíńdò kíṣìnnì lálẹ́ ọjọ́ kan, mo paná. Bìǹgó ló wọlé. Bìǹgó o! Ó gbóòórùn ebè, ó gbẹ́ ẹ dáadáa bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́, iyẹ̀pẹ̀ ń fò kọjá láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó dún wíín. Kí n tó ṣẹ́jú, bàbá àgbà ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbójú sókè, ó ń wo òṣùpá. Tanímọ̀ sáré dé, ó rí kòtò tó tutù, ó sùn sínú rẹ̀.

Gbogbo ìgbá tí mo ti gbá ọmọ yẹn nídìí láti ọjọ́ yìí! Eegun ẹran ńlá ni mo fi bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bìǹgó ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kápẹ́ńtà Ọlọ́parun
Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí géètì ọgbà yẹn o, ìyá. Ajá tó gbọ́n tó yẹn á ṣí i.